Ta Ni Ó Ti Mọ Ọ̀nà Náà Tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kọ́ Lórí Sinimá Àwọn Arìnrìn-àjò

 

Ìbéèrè kan ni a óò fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ta ni ó kọ́kọ́ rí odò Ọya? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a kọ́ ìdáhùn rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń kà á lákàsórí: Mungo Park. Òótọ́ ni pé Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé etí odò náà ní Ségou, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí, ní oṣù July 1796. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni ó bá níbẹ̀. Ó bá ọba, ó bá mọ́ṣáláṣí, ó sì bá àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ èrò kí wọ́n tó gbé wọn sọdá. Báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ́kọ́ rí omi tí ẹlòmíràn ti ń pọn mu láti ìgbà ìwásẹ̀? Ohun tí Park ṣe ni pé ó fi ojú ara rẹ̀ rí odò náà, ó sì mú ìròyìn rẹ̀ lọ fún àwọn ará Yúróòpù. Iṣẹ́ akọni ni, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ rí i.

Ohun tí ìwé ilé ìwé ṣe fún wa nígbà náà, sinimá ni ó ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lónìí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ yẹ sinimá àwọn arìnrìn-àjò wò.

ÌWÚLÒ SINIMÁ BẸ́Ẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ sọ pé kí ẹ má wò wọ́n. Àwọn baba wa ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Ọlọ́hun náà, nínú Suuratul-Ankabuut, pe àwa ènìyàn pé kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a sì wo bí Ó ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Kì í ṣe gbogbo wa ni owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fíìmù tí ó dára lè mú ẹni tí ó jókòó sí Ìsẹ́yìn tàbí Ìwó dé aṣálẹ̀ Sàhárà, kí ó rí bí iyanrìn ṣe ń rìn bí omi òkun. Ó lè mú jọ́gíráfì tí ó le lójú akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí ó wù ú.

Ṣùgbọ́n sinimá tún ń kọ́ni ní nǹkan mìíràn tí a kì í fura sí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù wọ̀nyí, ọkùnrin kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Òun ni ó ń jìyà, òun ni ó ń gbèrò, òun ni ó sì ń dé ibẹ̀. Àwọn tí ó ru ẹrù rẹ̀ ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ bí igi inú igbó. Ẹni tí ó bá wo èyí léraléra láti kékeré yóò gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn kan ni Ọlọ́hun dá láti mọ ayé, pé ẹrù rírù ni ti àwọn yòókù. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó léwu, nítorí ọmọ tí ó bá gba èyí gbọ́ nípa àwọn baba rẹ̀ yóò gbà á gbọ́ nípa ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a mú fíìmù mẹ́ta, kí a sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: ta ni ó ti mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀?

FÍÌMÙ KÌN-ÍN-NÍ: STANLEY AND LIVINGSTONE

Ní 1939 ni wọ́n gbé fíìmù yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Henry King ni ó darí rẹ̀, Spencer Tracy sì ni ó ṣe Stanley, akọ̀ròyìn tí ìwé ìròyìn New York Herald rán lọ wá oníwàásù David Livingstone tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Stanley gbéra ní Bagamoyo ní etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ní oṣù March 1871, ó sì bá Livingstone ní Ujiji, létí adágún Tanganyika, ní apá ìparí ọdún náà.

Ẹni tí ó bá wo fíìmù náà tán, orúkọ méjì ni yóò rántí, nítorí orúkọ méjì náà ni wọ́n fi sọ fíìmù náà. Ṣùgbọ́n Stanley kò dá rìn. Àwọn ènìyàn tí ó bá a lọ sún mọ́ 200. Olórí àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ọ̀wọ́ náà ni ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sidi Mubarak Bombay.

Ta ni Bombay yìí? Ọmọ ẹ̀yà Yao ni, láti ààlà ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania àti Mozambique lónìí. Wọ́n jí i gbé nígbà tí ó wà lọ́mọdé, wọ́n tà á lẹ́rú, wọ́n sì gbé e la òkun já lọ sí Íńdíà. Ọdún púpọ̀ ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú ni ó di òmìnira, tí ó sì padà sí Zanzibar. Láti 1857 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ńlá ní agbègbè náà. Ó bá Burton àti Speke lọ. Ó bá Speke àti Grant lọ. Ó bá Stanley lọ. Nígbà tí Cameron sì fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Áfíríkà já láti òkun ìlà-oòrùn dé òkun ìwọ̀-oòrùn, láàárín 1873 sí 1875, Bombay wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ nà án nígbà mìíràn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ẹgbẹ́ Jọ́gíráfì ti Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì-ẹ̀yẹ fàdákà àti owó ìfẹ̀yìntì. Ní 1885 ni ó kú.

Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí? Bẹ́ẹ̀ sì ni mélòó nínú wa ni kò gbọ́ orúkọ Livingstone?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí Livingstone kú ní oṣù May 1873, ní abúlé Chitambo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia lónìí, àwọn tí ó ń bá a rìn kò fi òkú rẹ̀ sílẹ̀. Susi àti Chuma ni aṣáájú wọn. Wọ́n tọ́jú òkú náà kí ó má bàjẹ́, wọ́n sì rù ú fún oṣù mẹ́sàn-án, ìrìn tí ó lé ní 1,500 kìlómítà, títí wọ́n fi dé Bagamoyo. Wọ́n sin ín sí Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù ní April 1874. Susi àti Chuma kò sí níbi ìsìnkú náà. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti sin ín tán ni wọ́n tó mú wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aṣáájú àwọn tí ó ru òkú kò bá wọn sin òkú.

FÍÌMÙ KEJÌ: MOUNTAINS OF THE MOON

Bob Rafelson ni ó darí fíìmù yìí, ó sì jáde ní 1990. Ìtàn Richard Burton àti John Speke ni, bí wọ́n ṣe wá orísun odò Náílì, àti bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe di ìjà títí Speke fi kú nípa ìbọn ara rẹ̀ ní 1864, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí wọn ì bá jọ jiyàn ní gbangba. Burton yìí kan náà ni ó ṣe ara rẹ̀ bí Mùsùlùmí tí ó wọ Mẹ́kà ní 1853. A lè sọ pé fíìmù yìí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò bo àìsàn, ìbẹ̀rù àti ìlara àwọn ọkùnrin méjèèjì mọ́lẹ̀.

Orúkọ fíìmù náà gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń sọ nípa àwọn Òkè Òṣùpá kan tí odò Náílì ti ń sun wá. Nígbà tí al-Idrisi, onímọ̀ Mùsùlùmí, ya máàpù ayé fún Roger, ọba Sicily, ní 1154, ó ya àwọn òkè náà sí i, ó sì ya àwọn adágún tí omi Náílì ń gbà kọjá. Ọdún tí ó lé ní 700 nìyí kí Speke tó débẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí al-Idrisi yà ni ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìròyìn pé adágún wà lókè odò náà kì í ṣe ìròyìn tuntun.

Báwo wá ni Speke ṣe dé etí adágún náà? Ní oṣù November 1857, òun àti Burton dé Kazeh, tí à ń pè ní Tabora lónìí. Oníṣòwò Lárúbáwá kan, Snay bin Amir, gbà wọ́n lálejò. Òun ni ó ṣàlàyé fún wọn pé adágún kì í ṣe ẹyọ kan, pé èyí tí ó wà níhà àríwá tóbi ju Tanganyika lọ. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Tanganyika ní 1858. Burton kò lè rìn mọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbé e. Ojú Speke fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Nígbà tí wọ́n padà sí Kazeh, Burton dúró síbẹ̀, Speke sì gba ọ̀nà àríwá lọ.

Bombay ni ó jẹ́ ẹnu àti etí fún un lójú ọ̀nà. Speke kò gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Yóò bi Bombay ní ìbéèrè ní èdè Hindustani tí àwọn méjèèjì gbọ́ láti Íńdíà, Bombay yóò fi Kiswahili bi àwọn ará ìlú, ìdáhùn yóò sì tún gba ọ̀nà kan náà padà. Ní August 3, 1858, Speke rí adágún náà, ó sì fi orúkọ ọbabìnrin rẹ̀ sọ ọ́: Victoria. Adágún náà kò ṣàìlórúkọ o. Àwọn ará Buganda ń pè é ní Nalubaale. Bí odò Ọya ṣe di Niger lórí máàpù ni Nalubaale ṣe di Victoria.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ lórúkọ ni a ń pè ní baba rẹ̀. Ìrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kọ́ńpáàsì, ṣùgbọ́n láti 1879 ni Stanley ti padà sí odò Congo láti ṣiṣẹ́ fún Leopold, ọba Belgium, àti láàárín 1884 sí 1885 ni àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó sí Berlin tí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ara wọn. Máàpù tí àwọn afinimọ̀nà wa bá wọn ṣe ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ BÒ MỌ́LẸ̀

Nígbà tí a bá ń wo fíìmù bí èyí, a máa ń rí àwọn Lárúbáwá oníṣòwò ẹrú, ara wa a sì bù máṣọ. Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé irọ́ ni, pé àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́ ba orúkọ wa jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí a sì sọ òtítọ́ bí ó tilẹ̀ gún wa lára. Eyín erin àti ẹrú ni òwò tí ó gbilẹ̀ ní ọ̀nà Tabora àti Ujiji, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe é. Títí di 1873 ni ọjà ẹrú fi wà ní Zanzibar, kí Sultan Barghash tó ti í pa nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúngun mọ́ ọn. Òwò yìí kan náà ni ó gba Bombay lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Bí a bá ń bínú pé sinimá gbàgbé àwọn alábàárù, a kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè ní ọ̀nà kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n sọ òtítọ́ fún òun, kí òun náà ṣe olóòótọ́.

FÍÌMÙ KẸTA: JOURNEY TO MECCA

Ní 2009 ni fíìmù yìí jáde, Bruce Neibaur ni ó darí rẹ̀. Kò gùn, kò ju bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Ìtàn Ibn Battuta ni, ọmọ ìlú Tangier ní Morocco, tí ó kúrò nílé ní 1325 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21, tí ó forí lé Hajji. Chems-Eddine Zinoun ni ó ṣe Ibn Battuta. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní 2008, kí fíìmù náà tó jáde. Kí Ọlọ́hun forí jì í. Fíìmù náà so Hajji ìgbà náà pọ̀ mọ́ Hajji òde òní, ó sì fi bí ọ̀pọ̀ èrò ṣe ń yí Kaaba ká hàn láti òkè, lọ́nà tí ó lè mú omi bọ́ lójú ẹni.

Inú wa dùn sí fíìmù yìí, nítorí Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà ni ó wà níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa kò yí padà: ta ni ó ti mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀? Hajji àkọ́kọ́ ni fíìmù náà dé dúró. Ibn Battuta kò dúró níbẹ̀. Ó rìn fún nǹkan bí ọdún 29, títí dé Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó kọjá ibẹ̀. Ní 1352 ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Mali. Ó kọjá ní Taghaza, níbi tí wọ́n ti fi òkúta iyọ̀ kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n sì fi awọ ràkúnmí bò ó lórí. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀mí gbogbo èrò wà lọ́wọ́ àwọn ará Massufa tí ó mọ aṣálẹ̀. Wọ́n a máa rán ẹnìkan ṣíwájú lọ sí Walata kí wọ́n lè gbé omi wá pàdé èrò. Bí ẹni náà bá kú sọ́nà, gbogbo wọn lè kú.

Ibn Battuta ròyìn afinimọ̀nà tí ó mú wọn lọ. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì sì ń ṣàìsàn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà náà tó o. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun! Arìnrìn-àjò tí ó tóbi jù nínú ìtàn wa, ẹni tí ojú rẹ̀ ríran kedere, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ni ó mú un la aṣálẹ̀ já. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ibn Battuta ń sọ ìtàn náà tí Ibn Juzayy ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò dárúkọ ọkùnrin náà. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó ń gbàgbé. Arìnrìn-àjò wa náà sì ṣe àṣìṣe: odò Ọya tí ó rí ní Mali, Náílì ni ó pè é. Bí a bá fẹ́ràn ènìyàn, kò ní kí a má rí àṣìṣe rẹ̀.

Ó DÉ ỌNÀ TIWA

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Badagry. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì lọ sí Bussa kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé odò Ọya dé ibi tí ó ti ń wọ òkun. Lára àwọn tí ó bá wọn rìn ni ọkùnrin Hausa kan tí wọ́n ń pè ní Pascoe. Abu Bakr ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Orúkọ Lander wà nínú ìwé ilé ìwé wa. Ti Abu Bakr ńkọ́?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí ẹ bá tún jókòó láti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, nílé tàbí lórí fóònù, ẹ fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sọ́kàn, kí ẹ sì jọ jíròrò wọn ní ìpàdé ẹ̀ka yín:

1. Ta ni ó mọ ọ̀nà yìí kí akọni fíìmù yìí tó dé? Ǹjẹ́ wọ́n dárúkọ rẹ̀?
2. Orúkọ wo ni àwọn onílẹ̀ ń pe òkè, odò tàbí ìlú yìí?
3. Èwo ni ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èwo ni wọ́n fi kún un kí fíìmù lè dùn? Ẹ gbé máàpù kalẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀nà náà.
4. Ta ni ó jèrè lẹ́yìn tí ìrìn-àjò náà parí, ta ni ó sì pàdánù?

Iṣẹ́ kan kù tí ó ju wíwo fíìmù lọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, àwọn àgbà kan wà tí ó rántí àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ Hajji láti ibẹ̀, tàbí tí ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu baba wọn. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ bi wọ́n ọ̀nà tí àwọn ènìyàn náà gbà, ìlú tí wọ́n sùn sí, ẹni tí ó fún wọn lómi, àti ẹni tí ó mú wọn sọdá. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ti alágbára àti ti aláìní. Bí àgbà kan bá papò dà kí a tó bi í, kò sí kámẹ́rà tí yóò lè ya ohun tí ó mọ̀.

Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn tí ó fi ọ̀nà hàn ṣe ayé lóore. Ọpẹ́ tí ó kéré jù tí a lè dá ni kí a dárúkọ wọn.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tí ó tọ́ mọ̀ wá, kí Ó sì san àwọn tí ó ti fi ọ̀nà han àwọn ẹlòmíràn lẹ́san rere. Àmín. Wa-s-salaam.